Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà

Ní Bantama ní ìlú Kumasi, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà ní orílẹ̀-èdè Gánà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré. Inú rẹ̀ ni ìṣirò ọjà ìyá wà, inú rẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wà, inú rẹ̀ náà ni ìwé owó ìfẹ̀yìntì bàbá wà. Bí ọmọ ilé bá wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ Linux, ètò tí ń darí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: "Bí o bá bà á jẹ́ ńkọ́?" Ìbéèrè náà tọ́. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà kò ṣe é kọ́ láìba nǹkan jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ kò ti lè ṣe kí ó má gé aṣọ kù.

Ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní virtual machine ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Ètò kan ni, tí a fi sínú kọ̀ǹpútà gidi, tí ó sì ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn ni òun: a lè tan án, a lè pa á, ó sì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Ibi ìpamọ́ náà kò ju fáìlì ńlá kan lọ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Àwọn oníṣẹ́ a máa pe kọ̀ǹpútà gidi ní onílé, wọn a sì máa pe èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ní àlejò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa ohun gbogbo tí ó wà lọ́dọ̀ àlejò rẹ́, ìṣirò ọjà ìyá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odindi yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wá ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi lo ẹ̀rọ kan náà, tí yóò sì dà bí ẹni pé olúkúlùkù ni ó ni ín. Ní ọdún 1972 ilé-iṣẹ́ náà gbé VM/370 jáde. VMware mú irú rẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà kéékèèké ní 1999, nígbà tí ó sì di 2007, VirtualBox, tí ó wà lọ́wọ́ Oracle lónìí, di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo RAM ẹ̀rọ rẹ̀. Kò yẹ kí àlejò gbà ju ìdajì lọ, nítorí bí ebi bá ń pa onílé, àlejò kò lè yó. Tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 kò lè gba Ubuntu alááwòrán dáadáa. Debian tí kò ní àwòrán, tí a ń fi bọ́tìnnì nìkan pàṣẹ fún, yóò rìn lórí gígábáìtì 1, ó sì tó kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ padà lójú ọ̀nà: agbára tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àlejò, tí Intel ń pè ní VT-x tí AMD sì ń pè ní AMD-V, lè wà ní títì. Inú ètò tí ó ń hàn kí Windows tó jí ni a ti ń ṣí i. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́.

Owó dátà náà kò kéré, nítorí pé fáìlì Ubuntu kan lè ju gígábáìtì 5 lọ. Ó sàn kí ẹnì kan gbà á, kí àwọn yòókù sì fi flash gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá fi àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà wé èyí tí àwọn tí ó ṣe é kọ sójú ìwé wọn.

Bí àlejò bá ti wọlé tán, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya snapshot, èyí tí í ṣe àmì ipò tí ẹ̀rọ náà wà. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá dàrú, yóò padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ará Gánà tí wọ́n ranti dumsor, iná tí ń lọ tí ń bọ̀, bí ó ti le tó ní 2014 àti 2015, yóò tún mọyì pé VirtualBox lè mú àlejò sùn kí bátìrì tó kú, tí yóò sì jí sí orí ìlà tí ó ti sùn. Ṣùgbọ́n snapshot kì í ṣe ẹ̀dà: bí olè bá gbé onílé lọ, ó gbé àlejò pẹ̀lú.

Àlejò kò sì lè sí níbi tí onílé kò sí. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní Sekyedomase ní agbègbè Ashanti kan náà, Richard Appiah Akoto, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Betenase, fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀. Àwòrán náà kárí ayé. Microsoft pè é lọ sí Singapore ní oṣù kẹta, àwọn kan sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá rí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì pọ̀, lè gba àlejò kan náà sórí gbogbo wọn, kí olùkọ́ dá a padà sí ipò àárọ̀ kí kíláàsì tí ó kàn tó wọlé.