Ẹ̀rọ Tó Ń Bí Ẹ̀rọ

Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lathe àtijọ́ dé iwájú àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ḿ irin ní Accra, irin lásán ni òṣùwọ̀n wọn rí. Iye kílò tó bá wọ̀n ni wọn yóò san. Òòlù ńlá ló máa ń tẹ̀lé e, torí irin dídà tí wọ́n fi ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù á kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sí Tema, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ irin di ọ̀pá tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá ronú kàn án. Lathe ni ẹ̀rọ tó ń yí irin, tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń bó o bí olọ́sàn ṣe ń bó ọsàn, tí èèpo ń lọ́ wálẹ̀ láìjá, títí irin náà yóò fi di ṣáàfù tàbí búùṣì. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọmọ owú tó fi ń ṣiṣẹ́. Lathe náà rí bẹ́ẹ̀: òun ló ń gé ohun tí wọn yóò fi tún lathe ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dé Tema, a dúpẹ́. Ní Kokompe, tí kò jìnnà sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, ojú mìíràn ni àwọn kan fi ń wo kọ́ńdẹ́ḿ: wọ́n ń tún irú lathe bẹ́ẹ̀ ṣe kó lè padà ṣiṣẹ́. Ẹni tí àwa ní Nàìjíríà ń pè ní mẹkáníìkì, fítà ni wọ́n ń pè é ní Ghana, ìyẹn ẹni tó ń to nǹkan títí yóò fi bára mu. Orúkọ náà bá iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí mu ju tiwa lọ.

Ọ̀wọ́n ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Lẹ́yìn òmìnira 1957, ìjọba Kwame Nkrumah kọ́ iléeṣẹ́ káàkiri, wọ́n ṣí èbúté Tema ní 1962, ẹ̀rọ sì ń ti òkè òkun wọlé. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, owó ilẹ̀ òkèèrè ti gbẹ lápò ìjọba. Bí eyín gíà kan bá ká, kò sí dọ́là tí wọn yóò fi ra òmíràn, odidi iléeṣẹ́ á sì dákẹ́ nítorí ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọdún 1983 ló burú jù. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jẹ oko run, ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana padà sílé, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn. Àpò tí àwọn tí a lé náà kó ẹrù sí nìkan là ń rántí lónìí. A kì í bi ara wa pé iṣẹ́ ọwọ́ wo ni wọ́n kó bọ̀ wálé láti àwọn ṣọ́ọ̀bù Èkó.

Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Kumasi ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ìwé kún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1972, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Technology Consultancy Centre, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Powell, sì darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1980, wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù jáde kúrò lọ́gbà yunifásítì, wọ́n gbé e sí Suame Magazine gan-an, àdúgbò àwọn fítà ní Kumasi. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ti borí ọgọ́rùn-ún ìwé ìwádìí. Wọ́n tún ṣe ohun mìíràn tí mo kan sáárá sí: ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníṣẹ́. Nígbà yẹn, àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀ ń lé lathe aláfọwọ́yí jáde kí èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí lè ráàyè jókòó. Ohun tó sú wọn lọ́hùn-ún ló bá ibí lára mu, torí kò sí ohun kan nínú ẹ̀rọ àtijọ́ tí ojú kò lè rí, tí ọwọ́ kò sì lè tún ṣe. Nígbà tó di 1987, ètò náà ti di ti ìjọba lábẹ́ orúkọ GRATIS, Tema ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n náà ṣe dé ẹnu ọ̀nà Accra.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jí lathe tó ti di kọ́ńdẹ́ḿ dìde? Ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ kì í sáré tan iná sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà àti gírísì gbígbẹ kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi èékánná wọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ọ̀nà irin gígùn tí ọ̀bẹ ń gùn lọ gùn bọ̀. Níbi tó súnmọ́ orí ẹ̀rọ, tí iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ jù, èékánná á jìn díẹ̀. Ní ìdí lọ́hùn-ún, tí a kì í sábà lò, irin ṣì tẹ́jú bí ọjọ́ tó dáyé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè má ju ìnípọn irun orí lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ṣáàfù tó yẹ kó dọ́gba sanra lápá kan, kó tín-ín-rín lápá kejì.

Iléeṣẹ́ olówó á gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ sórí ẹ̀rọ tó ń lọ irin. Ọwọ́ ni fítà máa fi ṣe é. Yóò fi aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa irin kan tó tọ́ dáadáa, yóò gbé e lé bẹ́ẹ̀dì, yóò fà á síwá sẹ́yìn. Ibi tí aró bá mú, ibẹ̀ ló ga. Á ha á, á tún fi aró pa á, á tún ha á, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́, títí àmì aró yóò fi fọ́n káàkiri ojú irin bí ẹ̀tù. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ yóò bà á jẹ́ ju bó ṣe bá a lọ.

Ti gíà tún yàtọ̀. Bí wẹ́dà bá sáré fi iná sí irin dídà tó tutù, sísán ló máa sán. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú èédú, wọ́n á jó o bó ṣe gbóná náà, wọ́n á bò ó mọ́ inú eérú kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Fáìlì ni wọ́n á fi gbẹ́ eyín tuntun, wọ́n á máa fi èyí tí kò ká díwọ̀n rẹ̀.

Gíà kan wà tó máa ń jẹ́ kí n gba ti àwọn èèyàn yìí. Íǹṣì ni ọ̀pọ̀ lathe àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, bẹ́ẹ̀ mìlímítà ni bọ́ọ̀tì ọkọ̀ Japan àti Jámánì tó kún Accra. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, gíà tó sì lè ṣe ògbufọ̀ láàárín méjèèjì láìṣì rárá gbọ́dọ̀ ní eyín 127. Kò sí iye tó kéré sí i tó lè ṣe é. Ìta ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kó irú gíà bẹ́ẹ̀ sí, òun ló sì tètè máa ń sọnù bí ẹ̀rọ bá di kọ́ńdẹ́ḿ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ milling, èyí tó lè gé eyín gíà, ni wọ́n á bẹ̀ kó gé òmíràn, eyín kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé 127, torí bó bá ṣi ẹyọ kan kà, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ní 2013, ìjọba Ghana fi òfin de kíkó àlòkù irin lọ sókè òkun, kí àwọn tó ń yọ́ irin nílé lè rí i lò. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni iná ìléru fi ń wo lathe àti páànù. Ní oṣù Keje 2021, wọ́n tún wó ọjà kọ́ńdẹ́ḿ Agbogbloshie ní Accra, àwọn tó ń tà níbẹ̀ sì fọ́n ká. Ohun tí mò ń fẹ́ kò le: kí wọ́n pe fítà kan wá wo ẹ̀rọ kí òòlù tó bà á.

Nígbà tí wọ́n bá wé kọ́ìlì mọ́tò lathe náà tán, tí ó sì tún ń yí, ọ̀pá irin kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi dán an wò. Wọ́n á bó o láti òpin dé òpin, wọ́n á fi maíkírómítà wọn orí, wọ́n á wọn ìdí. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, ọmọṣẹ́ á gbá èèpo irin kúrò nílẹ̀, ọ̀gá á sì de idẹ mọ́ ẹ̀rọ láti gé nọ́ọ̀tì fún lathe mìíràn tó ń pẹtà lẹ́yìn ilé.