Ewé Tábà àti Ọpọlọ Ọmọ Inú

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé apá Ṣakí, ó ti pẹ́ tí tábà ti ń pawó fún àgbẹ̀. Ẹni tó bá já ewé tábà nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ lè rí ohun tó ń tẹ̀ lé e: orí fífọ́, òòyì, èébì. Nicotine inú ewé ló ń ṣe é. Ó máa ń yòrò sínú omi, á sì gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Nicotine ń rí ara wa gbé ṣe nítorí pé ó jọ acetylcholine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí iṣan àti ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Otto Loewi ló fi hàn ní 1921 pé irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ó fi iná mànàmáná ta iṣan tó ń mú kí ọkàn àkèré kan rọra lù, ó bu omi tí ọkàn náà wà nínú rẹ̀ sórí ọkàn àkèré mìíràn, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù jẹ́jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé àwọn èròjà ìránṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ọpọlọ tó ní ohunkóhun láti rò. Nígbà tí oyún ṣì kéré, sẹ́ẹ̀lì ìyá, ìyẹn àwọn tó ń bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yòókù, ló tò yí ihò olómi tó wà láàárín ọpọlọ ọmọ ká. Bí ọ̀kan bá pín, ó lè bí sẹ́ẹ̀lì ìyá mìíràn, ó sì lè bí èyí tí yóò ṣí kúrò níbẹ̀ lọ di sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta ni ilẹ̀kùn acetylcholine, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba ìránṣẹ́ náà, ti wà nínú ọpọlọ tó ń hù náà. Bí ìránṣẹ́ bá kan ilẹ̀kùn, calcium á wọlé, á sì mú kí àwọn àṣẹ kan nínú sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, kí àwọn mìíràn dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípín tàbí àìpín ti ń yanjú.

GABA, èròjà ìránṣẹ́ mìíràn, tún yani lẹ́nu jù. Lára àgbà, òun ló ń pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Lára sẹ́ẹ̀lì ìyá, chloride ti pọ̀ jù nínú ilé, nítorí náà bí GABA bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣe ni chloride ń tú jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì ta gìrì. Ní 1995, àwọn olùwádìí LoTurco, Kriegstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i nínú ọpọlọ ọmọ inú eku pé GABA àti glutamate, tí òun náà jẹ́ èròjà ìránṣẹ́, ń dín iye sẹ́ẹ̀lì tó ń múra àtipín kù. Ìwádìí mìíràn lára eku wá fi hàn pé ní ìpele kan GABA ń mú wọn pọ̀ sí i, ní ìpele kejì ó ń dín wọn kù. Ìránṣẹ́ kan náà ni o. Ibi tó bá wọn ló yàtọ̀.

Acetylcholine gidi kì í pẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, èròjà kan wà tó ń gé e lójú ẹsẹ̀. Èròjà yẹn kò lè gé nicotine. Ó ń gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ó ń kan ilẹ̀kùn ní àkókò tí kò yẹ, kò sì tètè lọ. Theodore Slotkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke fún àwọn aboyún eku ní nicotine, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ dẹ́kun pípín kí àkókò tó tó. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti di ti ìrònú kì í pín mọ́, bí èbù tí wọ́n ti sè jẹ kò ṣe é gbìn.

Kì í ṣe nicotine nìkan ló ń da iṣẹ́ acetylcholine rú. Oògùn kòkòrò chlorpyrifos gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀: èròjà tó ń gé acetylcholine gan-an ló ń dè lọ́wọ́.

Ní ti tábà, àwọn kan rò pé èéfín rẹ̀ nìkan ni ewu aboyún. Èéfín ní májèlé tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fín aṣáà, tàbí tó fi í sẹ́nu, kò fa èéfín kankan, nicotine sì ń gba awọ imú àti èrìgì rẹ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀.