Bí A Ṣe Ń Dá Iye Lé Àga ní Ọ́fíìsì Àjùmọ̀lò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ọ́fíìsì àjùmọ̀lò sí Bódìjà tàbí Yaba sábà máa ń kọ́kọ́ wo iye tí ará iwájú tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà ń gbà, á wá yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé. Ará iwájú lè jẹ́ onílé fúnra rẹ̀. Ó lè ti ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kí dọ́là tó gbówó lórí, tàbí kó ní ọ̀nà mìíràn tí owó ń gbà wọlé. Co-Creation Hub, ọ́fíìsì irú bẹ́ẹ̀ tó ti wà ní Yaba láti 2011, ní àwọn ètò ìrànwọ́ àti iṣẹ́ àkànṣe lẹ́yìn. Owó àga nìkan kọ́ ló gbé e ró. Inú ìnáwó tiyín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ilé náà gba àga 40, owó ilé sì jẹ́ 6,000,000 náírà lọ́dún, ìyẹn 500,000 lóṣù. Iná NEPA àti dísù, 600,000. Íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́ méjì, torí ọ̀kan á ṣáà já lọ́jọ́ kan, 150,000. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, 400,000. Omi, ìmọ́tótó, ọlọ́dẹ àti àtúnṣe kéékèèké, 150,000. Lẹ́yìn náà, ẹ ya 200,000 sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí bátìrì ínfátà bá kú tí àwọn àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ọ̀pọ̀ kì í ka èyí mọ́ ìnáwó, ó sì ń dùn mí, torí òun ló ń ti ọ́fíìsì tó dáa pa lọ́dún kejì. Àpapọ̀ gbogbo ìnáwó yìí lóṣù jẹ́ 2,000,000.

Tí ẹ bá pín in sí 40, àga kan di 50,000. Iye yẹn ń tan ni jẹ. Dánfó tó gbéra láì kún, epo tó ń jó ò dín. Ká ní èèyàn wà lórí àga 24: ẹni tó gba 50,000 á rí 1,200,000, á sì máa fi 800,000 dí i láti àpò ara rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn 24 yẹn ni kí ẹ pín mílíọ̀nù méjì sí, á sì jẹ́ nǹkan bí 83,000. Gbogbo ètò kọ́ ni yóò jẹ́ 83,000 o. Ohun tí àga kọ̀ọ̀kan tó lérò gbọ́dọ̀ mú wọlé nìyẹn, bí a bá kó gbogbo owó pọ̀ tí a pín in dọ́gba.

Látorí rẹ̀ ni ètò ti ń jáde. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù sọ 83,000 di nǹkan bí 3,800 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó ọjọ́ kan kò ṣèlérí pé òun á padà wá, nítorí náà 5,000 ò pọ̀ jù fún un. Ẹni tó fẹ́ àga tirẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní jókòó lé, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 83,000 lọ, bí i 100,000, torí àga náà ò ṣe é tà bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Ẹni tó ń sanwó oṣù ṣùgbọ́n tó ń jókòó síbi tó bá ṣófo lè san 65,000, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wá lọ́jọ́ kan náà. Àga 20 lè gba irú wọn 28, owó tó sì wọlé á jẹ́ 1,820,000, ìyẹn 91,000 lórí àga kan. Àmọ́ ẹ má ta dé 28 láì kà á. Ẹ máa ka orí lójoojúmọ́ ní wákàtí tí èrò ń pọ̀ jù fún oṣù méjì. Ẹni tó ti sanwó tó sì dúró lórí ìdúró kò ní padà wá.

Iná ló le jù. Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 lórí kìlówáàtì fún wákàtí kan. Laptop kì í sábà ju wáàtì 65 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 hp lè lo wáàtì ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtutù ló ń jẹ owó ju iṣẹ́ lọ. Èrò tèmi ni pé kí yàrá méjì wà, ọ̀kan tó ní amúlétutù, ọ̀kan tó ní fáànù àti fèrèsé ńlá, kí iye wọn sì yàtọ̀. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á rí ibi tí agbára rẹ̀ ká, láìjẹ́ pé ó ń san owó ìtutù ẹlòmíì. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àti pé ẹ ó kìlọ̀ ní oṣù kan ṣáájú.

Ẹ má gbàgbé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní New York, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nílò iná títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Owó ọ̀sán ti san owó ilé tán, nítorí náà iná àti ọlọ́dẹ nìkan ni ètò ìrọ̀lẹ́ ní láti gbé, pẹ̀lú èrè díẹ̀.

Ewu kan ṣì wà: onílé ń gba owó ọdún lẹ́ẹ̀kan, àlejò ń san ti ọjọ́ tàbí oṣù. Irú àlàfo yìí ló bá WeWork, ilé iṣẹ́ ọ́fíìsì àjùmọ̀lò ní Amẹ́ríkà, fínra. Ó gba ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tà á fún àwọn tó lè lọ láàárín oṣù díẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2023 ó lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó. Ẹ wá àwọn tí yóò san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yọ ìdajì oṣù kan fún wọn. Ẹ má fi owó wọn ra àga tuntun. Dísù oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń dín owó fún àwọn tó kọ́kọ́ wá, kí ọjọ́ tí ẹ̀dínwó náà yóò parí wà lórí rìsíìtì àkọ́kọ́.