Bàbà Tó Ṣẹ́kù Nínú Erùpẹ̀ Àdànù

Nípàdé tó kọjá, àwọn kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé bàbà ṣì wà nínú erùpẹ̀ tí àwọn awakùsà ti dànù, nítorí ẹnì kan ń polówó irú òwò bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi owó sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ká tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Lórílẹ̀-èdè Chile, nítòsí ìlú Rancagua, ibi ìwakùsà bàbà kan wà tó ń jẹ́ El Teniente. Wọn a fọ́ òkúta, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi omi àti oògùn yọ bàbà inú rẹ̀, omi ẹlẹ́rẹ̀ tó kù a sì ṣàn lọ. Láti 1992 ni ilé iṣẹ́ mìíràn, Minera Valle Central, ti ń gba ẹrẹ̀ yìí, tó ń tún bàbà yọ nínú rẹ̀.

Kí ló mú bàbà ṣẹ́kù? Lílọ̀ náà kì í dọ́gba. Èyí tí kò kúná, bàbà há sínú òkúta rẹ̀, oògùn kò lè bá a. Àwọn ìyá wa tó ń jọ èlùbọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: èyí tó kù sórí ajọ̀, ẹ̀rọ ló ń padà sí. Àmọ́ ajọ̀ kọ́ ni tiwọn o, ẹrẹ̀ ọ̀hún ti pọ̀ jù. Ohun èlò kan ni, ó fẹ̀ lókè, ó ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀. Wọ́n á fi agbára ti omi ẹlẹ́rẹ̀ wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, á máa yí bí ìjì. Èyí tó tóbi á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, á gba ìsàlẹ̀ jáde. Èyí tó kúná á bá omi gba òkè. Èyí tó tóbi ni wọ́n ń tún lọ̀ nínú àgbá tí ọta irin kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á po oògùn mọ́ ọn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó hó bí ọṣẹ, bàbà á sì léfòó.

Èrè ńkọ́? Nínú 1,000 kílò ẹrẹ̀ tuntun, bàbà ibẹ̀ kò ju kílò 1 àti díẹ̀ lọ, wọn kì í sì í rí ìdajì rẹ̀ yọ. Òkìtì Cauquenes, tí wọ́n dà láàrin 1936 sí 1977, sàn jù bẹ́ẹ̀, bíi kílò 2 àbọ̀, nítorí ọ̀nà ìyọbàbà ìgbà náà kò tó ti òde òní. Ẹ rántí pé ẹlòmíràn ló ti náwó wa òkúta, tó sì ti lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí owó bàbà já wálẹ̀ ní 2015, ara ni wọ́n.

Ìgbìmọ̀ ti ní kí olówò tiwa mú èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ rẹ̀ wá, kó sọ ẹni tó ni ilẹ̀, àti ibi tí omi àti iná yóò ti wá. Títí mo fi ń kọ èyí, kò tíì mú nǹkan kan dé. Owó yín wà ní báǹkì.