Nǹkan àti Oníǹkan: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìhun Ìní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí ó dà bí ẹni pé kò le rárá: ẹ̀kọ́ nípa bí a ti ń fi hàn pé nǹkan kan jẹ́ ti ẹnì kan. Olùkọ́ a kọ ‘Ade's book’ sí ojú pátákó, a ní kí àwọn ọmọ fi àmì kékeré kan àti lẹ́tà ‘s’ kún orúkọ ẹni tí ó ni nǹkan, a sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ó bá gba ìwé iṣẹ́ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni ‘Ade book’, ‘book's Ade’ àti ‘cocoa's farm’. Olùkọ́ mìíràn a fa ìlà pupa sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì pe ọmọ náà ní aláìfetísílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ti orísun kan náà wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìdí nínú èdè tí ọmọ náà ti mọ̀ dunjú kí ó tó dé ilé-ìwé. Ní ti èyí tí ó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìperí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ lò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ àwọn ìdí wọ̀nyí wò, yóò sì dábàá ọ̀rọ̀ ìperí mélòó kan tí olùkọ́ lè fi ṣe àlàyé náà ní Yorùbá láìṣi ọmọ lọ́nà.

Ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Nínú Yorùbá, nǹkan ni ó ń ṣíwájú, oníǹkan a sì tẹ̀ lé e: ìwé Adé, ilé ọba, ọmọ aládùúgbò wa. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, oníǹkan ni ó ń ṣíwájú. Ìyàtọ̀ yìí a máa hàn gbangba bí ọ̀rọ̀ náà bá gùn. ‘Ajá bàbá ọ̀rẹ́ Adé’ ni Yorùbá wí. ‘Ade's friend's father's dog’ ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ka ti Yorùbá láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ti rí ètò ti Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ lè kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára páálí, kí ó ní kí ọmọ mẹ́rin gbé wọn dúró níwájú kíláàsì, kí ó sì wá ní kí wọ́n yí ipò padà. Ojú ni àwọn tí ó jókòó yóò fi rí ohun tí gírámà ń sọ.

Ẹnì kan lè rò pé Yorùbá kò ní àmì kankan fún ìbátan yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kejì bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ẹnu Yorùbá a máa fi sílébù olóhùn àárín kan sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àkọtọ́ òde-òní, ṣùgbọ́n à ń pè é: ilé e Túndé, ọmọ ọ Títí, ọ̀nà a Kánò. Bí ọ̀rọ̀ kejì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe lásán, sílébù yìí kò ní sí: ilé tuntun ni à ń wí, a kì í wí pé ilé e tuntun. Ọmọ ọdún 5 ti mọ ìyàtọ̀ yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó sì tún mọ ‘ti’. Bí a bá bi í pé ‘Ti ta ni?’, yóò dáhùn pé ‘Ti Adé ni’, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti wí pé ‘It is Ade's’. Nítorí náà, èrò tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ ọmọ ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi àmì tirẹ̀ sí ni ó kù tí yóò fi hàn án.

Ibi tí àmì náà ń wà

Àgbẹ̀ tí ó bá ṣẹ́gi jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà a máa fi ààlè lé e, kí èrò ọ̀nà lè mọ̀ pé igi náà ní olúwa. Orí igi ni ààlè wà, kò sí lára àgbẹ̀. Ọmọ tí ó kọ ‘book's Ade’ ti ṣe bí àgbẹ̀ yìí: ó tẹ̀ lé ètò ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì fi àmì lé nǹkan lórí. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara oníǹkan ni ààlè tirẹ̀ ń wà. Ọmọ tí ó ti rí ààlè rí kò ní tètè gbàgbé àlàyé yìí.

Ọmọ tí ó kọ ‘Ade book’ ní ìdí mìíràn. Ètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Àmì ni ó fò. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ìró ‘z’ kò sì sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìdí nìyí tí a fi fi fáwẹ̀lì kún ìparí bọ́ọ̀sì àti kíláàsì nígbà tí a yá wọn lò. Bẹ́ẹ̀, ìró mẹ́ta ni àmì yìí ní: ‘s’ lẹ́yìn ‘cat’, ‘z’ lẹ́yìn ‘dog’ àti lẹ́yìn fáwẹ̀lì, àti odidi sílébù kan, ‘iz’, lẹ́yìn ‘horse’. Ohun tí etí ọmọ kò gbọ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kì í rántí kọ. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì pè é léraléra, kí ó tó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni nǹkan yìí ń dá dúró. Ní ọdún 1958, Jean Berko, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ó fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ó hùmọ̀ fúnra rẹ̀ dán àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́dún 4 sí 7 wò. Ọ̀pọ̀ wọn rí ‘wug's’ sọ. ‘Niz's’ nira fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Roger Brown pẹ̀lú, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 lórí ọmọ 3 tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu òbí wọn, rí i pé ‘s’ tí ń fi ọ̀pọ̀ hàn máa ń ṣíwájú ‘s’ ti oníǹkan. Bí àmì yìí bá ń pẹ́ kí ó tó yé ọmọ onílé, kò yẹ kí a pe ọmọ àlejò ní olódo nítorí rẹ̀.

Àléébù ọ̀rọ̀ náà ‘ìní’

‘Ìní’ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ́kọ́ sọ sí ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ìhun yìí lọ́kàn. Àléébù rẹ̀ jẹ́ 2. Èkíní, ó há jù. Bàbá Adé kì í ṣe ìní Adé, oúnjẹ àná kì í sì í ṣe ìní àná. Síbẹ̀ ‘Ade's father’ àti ‘yesterday's food’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Èkejì, kò ran ọmọ lọ́wọ́ láti ya ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀. ‘Oko Àjàyí’ àti ‘oko kòkó’ kò yàtọ̀ ní ìrísí nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí a kàn sọ fún pé oko jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò lè rí ìdí tí ‘Ajayi's farm’ fi tọ̀nà tí ‘cocoa's farm’ kò fi tọ̀nà.

Inú Yorùbá náà ni ojútùú wà. Oko ta ni? Oko Àjàyí. Oko kí ni? Oko kòkó. Bí ọ̀rọ̀ kejì bá dáhùn ‘ta ni’, Gẹ̀ẹ́sì a fi àmì sí i. Bí ó bá jẹ́ ‘kí ni’ ni ó dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń to ọ̀rọ̀ méjèèjì tira wọn láìsí àmì: ‘cocoa farm’, ‘school bag’, ‘palm oil’. Ẹranko tí a lè tọ́ka sí, bí ajá inú ‘ìrù ajá yìí’, ni kí a kà mọ́ ènìyàn. Àná, òní àti ọ̀la pẹ̀lú ń gba àmì. Kí olùkọ́ kọ́ wọn lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ti ènìyàn bá ti yé wọn.

Àbá lórí ọ̀rọ̀ ìperí

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí gírámà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdìpọ̀ 2 Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú àkọ́kọ́ tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú èkejì, ti la ọ̀nà. Fún kíláàsì ọmọdé, ọ̀rọ̀ tí etí wọn ti mọ̀ ni ó yẹ jù. Àbá náà nìyí:

Nǹkan: ohun tàbí ènìyàn tí à ń sọ ti ẹni tí ó jẹ́.
Oníǹkan: ẹni tí nǹkan jẹ́ tirẹ̀, ìbáà ṣe ìní, ìbáà ṣe ìbátan.
Kọ́mà òkè: àmì tí ó jọ kọ́mà, tí a ń kọ sí òkè ìlà.
Àmì oníǹkan: kọ́mà òkè àti ‘s’ tí a ń fi sí ìparí oníǹkan.
Ẹ̀yán irú: ọ̀rọ̀-orúkọ tí ń sọ irú èyí tí nǹkan jẹ́, bí kòkó nínú oko kòkó. Kì í gba àmì.

Ọmọ yóò gbọ́ ‘nǹkan’ nínú ‘oníǹkan’, kò sì ní ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì. ‘Àmì oníǹkan’ sì tún sàn ju ‘àmì ọ̀rọ̀-orúkọ’ lọ, nítorí pé àmì náà kì í fi gbogbo ìgbà lẹ̀ mọ́ orúkọ ẹni tí ó ni nǹkan gan-an. Nínú ‘the Ooni of Ife's palace’, Ọọ̀ni ni ó ni ààfin, ṣùgbọ́n ìparí odidi àpólà náà ni àmì wà.

Kọ́mà òkè àti ‘àwọn’

Létí, ‘boys’, ‘boy's’ àti ‘boys'’ kò yàtọ̀ síra. Ojú ìwé nìkan ni ìyàtọ̀ wọn wà. Níhìn-ín, Yorùbá ṣe kedere ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ọmọ wo ọ̀dọ̀ oníǹkan bóyá ‘àwọn’ wà níbẹ̀. ‘Fìlà ọmọkùnrin náà’ ni ‘the boy's cap’. ‘Fìlà àwọn ọmọkùnrin náà’ ni ‘the boys' caps’. Nínú ‘àwọn fìlà ọmọkùnrin náà’, ọ̀dọ̀ nǹkan ni ‘àwọn’ wà, oníǹkan ṣì jẹ́ ẹyọ kan: ‘the boy's caps’. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò fi ‘s’ parí, bí ‘children’ àti ‘women’, ń gba àmì oníǹkan lódindi: ‘children's’, ‘women's’.

Bí ọmọ bá béèrè ohun tí kọ́mà náà ń ṣe níbẹ̀, ìdáhùn wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ‘-es’ ni ìparí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì náà pa jẹ, àmì sì dúró ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ ti ń kọ ‘l'ọ́jà’ àti ‘n'ílé’.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1970, ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìmọ̀ gbogbo; a sì fi olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí gbọ̀ngbọ̀n. Bí olùkọ́ kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó pé ní Yorùbá, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kò tíì gbọ́ ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kò tíì mọ̀. Ìlà pupa tí ó wà nínú ìwé ọmọ náà, àìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ ni ó fa díẹ̀ nínú rẹ̀.