Ẹ Má Jẹ́ Kí Káfíńtà Fá Ibi Ìdìmú Ọrun Baba Yín

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ọrun ògbólógbòó kan ṣì wà, tí a fi há àjà tàbí tí a gbé kọ́ ara ògiri ní iyàrá bàbá àgbà. Ọsán rẹ̀ ti já láti ọjọ́ pípẹ́, ọfà inú apó rẹ̀ kò pé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tún ń gbé e lọ sí igbó ọdẹ, nítorí ìbọn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Ọ̀pá náà ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé, pàápàá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré ní àárín rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ti ń dì í mú nígbà ayé rẹ̀.

Bí ọdún ìbílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ wá sí ìlú, ni àwọn ọ̀dọ́ ilé máa ń rántí ohun àtijọ́. Wọn a sọ ọrun kalẹ̀, wọn a rí i pé àárín rẹ̀ dúdú, wọn a pe dúdú náà ní ìdọ̀tí, wọn a sì gbé e tọ káfíńtà lọ. Káfíńtà kò ṣe ohun burúkú lójú ara rẹ̀. Tún un ṣe ni a ní kí ó ṣe. Ó mú sáńpépà, ó fá a títí igi fi funfun, ó kun ún ní fánííṣì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọrun a máa dán bí àga tuntun, gbogbo ilé a sì máa dúpẹ́. Ní tiwa, òfò ni a kà á sí, òfò tí owó kò sì lè rà padà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wa pẹ̀lú: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìlú lóore nígbà ìbò, kí ó tún afárá ṣe, kí ó gbẹ́ kànga, kí ó má ṣe ra ọ̀dà fún àwọn ọmọ wa láti fi kun ohun àwọn bàbá wọn ní àwọ̀ ẹgbẹ́.

Kí ni ó wà níbẹ̀ tí a fi ń pariwo tó bẹ́ẹ̀? Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní iyọ̀ nínú, awọ ara sì ń tú ọ̀rá sí i. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ni nǹkan wọ̀nyí fi ń wọ inú igi, tí eruku oko àti èéfín ìdáná ń bá wọn wọlé, tí ọwọ́ náà sì ń gbo ó títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa kọ mọ̀nà. Dídán yìí kì í ṣe ohun tí a kùn sí ojú igi. Ó ti di ara igi fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí èèpo àlùbọ́sà. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún náà, sáńpépà lè kó o lọ kí omi orí iná tó hó.

Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò a máa ka ibẹ̀ bí ìwé. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, ọwọ́ òsì ni ó fi ń di ọrun mú; nítorí náà ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ̀ yóò jẹ wọnú díẹ̀ ju òdìkejì lọ. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ni, àmì náà yóò yí padà. Lókè ibi ìdìmú a lè rí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nítorí gbogbo ọfà tí ó bá jáde ni ó ń fi ara ha ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá. Bí ojú ọ̀nà yìí bá jìn, ọrun náà ṣiṣẹ́ púpọ̀. Bí kò bá sí rárá, tí ibi ìdìmú kò sì jẹ, a jẹ́ pé ọrun tí a ń gbé jó lójú agbo ni, kì í ṣe ti igbó. Òmíràn ní awọ tí a fi wé àárín rẹ̀, a ó sì rí i bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni a wé e tàbí pé a tún un wé nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbó. A kò mọ ìwé ìtàn mìíràn tí olùkọ́ lè gbé síwájú àwọn ọmọ kíláàsì tí wọn yóò lè fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrun kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè wa. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà olóró pẹ̀lú idà kúkúrú ni àwọn jagunjagun Yorùbá ń lò. Ní Ọ̀fà tí ó múlé tì wá, ìtàn ìlú náà sọ pé tafàtafà ni Ọlálọ́mi Ọlọ́fàgangan tí ó tẹ ìlú dó. Ní erékùṣù Jẹ́bà, láàárín odò Ọya, a rí ère idẹ tafàtafà kan tí ó ti pẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Idẹ ń bẹ, orúkọ ìlú ń bẹ. Ọrun onígi gan-an ni ikán ń jẹ lọ, èyí tí ikán kò sì jẹ, a ń fá a.

Ẹ wo bí a ti ṣe sí ère òkúta Èsìẹ́. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di idà mú lọ́wọ́. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n, kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fún ayé òde ní 1933. J. D. Clarke, òyìnbó olùkọ́ ní Òmù-Àrán, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní Òmù jáde ní 1937, kọ̀wé nípa àwọn ère náà ní 1938. Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ àwọn ará ilé-ìwé ni ìròyìn náà ti jáde. Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lè kọ ọ́ lára. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé sáńpépà lọ síbẹ̀ lọ́la pé òun fẹ́ sọ wọ́n di tuntun, gbogbo ìlú ni yóò figbe ta. Kí ni ó wá fà á tí a fi ń dákẹ́ nígbà tí ó bá kan igi?

Àwọn kan yóò ní àwọn òyìnbó pàápàá ń fi fánííṣì kun ọrun wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú ọrun wo ni? Ọrun tí wọ́n ń ta nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, níbi tí ìdíje ọfà títa tún ti padà wọlé ní 1972, ní ṣóńṣó tí ó tẹ̀ padà síwájú, bí ti àwọn ará Tọ́kì, Mòngólíà àti Kòríà àtijọ́, tí wọ́n fi igi, ìwo àti iṣan ẹran lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ tí a fi igi ṣe ibi ìdìmú rẹ̀ lè fá a kí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kí ó sì kùn ún kí òógùn má bàa wọ̀ ọ́. Ohun èlò tirẹ̀ ni, kò tíì ní ìtàn kankan. Ọrun tiwa, igi kan ṣoṣo ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi ìdìmú náà sì ti wà ní sàréè.

Fún ọrun tí ó kàn wà ní ilé fún ìrántí, ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí a má fi omi wẹ̀ ẹ́, kí a má sì fi kẹrosíìnì nù ún. Bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí a fi ń gbọn eruku, àti àkísà òwú gbígbẹ, ti tó. Kí a má fà á láti dán an wò, nítorí igi tí ó ti gbẹ láti ọdún pípẹ́ kì í tẹ̀ mọ́, dídá ni ó máa ń dá. Kí a má gbé e sí ojú oòrùn, nítorí ọyẹ́ nìkan ti tó láti la igi. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi há àjà lókè ààrò, tí èéfín ń lé kòkòrò ajẹgi. Nísinsìnyí tí ààrò ti jáde kúrò nínú ilé, a ní láti máa fi ojú ara wa ṣọ́ ọ. Kí ọmọ kankan má sì fi ọwọ́ kan ẹnu ọfà inú apó, kí a má fá a rárá: oró tí àwọn ọdẹ ń sè lára èso igi Strophanthus lè wà lára irin fún ọdún púpọ̀ kí agbára rẹ̀ tó lọ.

Ti ọrun tí a ṣì ń lò yàtọ̀, yálà ti ọdẹ tàbí ti eré ìbílẹ̀. Bí ibi ìdìmú bá ní ẹ̀gún igi tí ń gún ọwọ́, ewé èèpín ni kí a wá, kí a fi gbo ojú ibi tí ẹ̀gún wà nìkan, ní ìlànà ojú igi. Kí a má dín sísanra àárín kù. Ìdí tí a fi gbẹ́ ibẹ̀ nípọn ni pé kò gbọdọ̀ tẹ̀. Bí a bá fá a di tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo agbára fífà yóò pàdé síbẹ̀, ọrun yóò sì dá mọ́ tafàtafà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òróró. Epo pupa, àdín àti òrí dára ní ipò wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í gbẹ lójú igi. Wọn a máa fa eruku, wọn a sì kan. Òróró linseed tí àwọn oníṣẹ́ igi ń lò ni ó máa ń gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di líle. Kí a fi díẹ̀ pa á, kí a nù ún kúrò lẹ́yìn ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí a tó fi ìda oyin díẹ̀ gbo ó. Àkísà tí a fi pa òróró náà, kí a tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ. Bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ju èyí lọ, agbẹ́gilére ni kí a wá, kì í ṣe káfíńtà. Àwọn agbẹ́gilére ìlà George Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì, lọ́dọ̀ ẹni tí Lamidi Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́, ní orúkọ mẹ́rin fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ṣe dídán, ojú ọ̀bẹ náà sì máa ń hàn níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fá ojú ọ̀bẹ ẹlòmíràn dànù.

Àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ti mọ iyì dúdú ibi ìdìmú yìí ṣáájú wa. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Òfin 1979 sì wà, tí ó sọ pé ohun ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918, tàbí ohun tó níye lórí tí a ti lò fún ètò ìṣẹ̀ǹbáyé, kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí àlejò bá fi owó lọ̀ nítorí ọrun ilé, kí ó rántí.

Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí agboolé wọn pẹ̀lú ìwé àjákọ àti okùn ìwọ̀n. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni ọrun, ọwọ́ tí ó fi ń dì í mú, gígùn rẹ̀, àti bí ibi ìdìmú rẹ̀ ti jẹ tó. Kí wọ́n kọ ọ́ sí orí páálí kékeré, kí wọ́n fi òwú so ó mọ́ ìdí ọrun, kí wọ́n má fi ìṣó kàn án.