Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Mọ Ògiri

Aládùúgbò mi kan ní Kétu fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi. Ó ní, "Prof, ṣebí orí ilẹ̀ mi ni. Kí ló kan kànga yín?"

Mo sọ ti Enugu fún un. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú inú ilẹ̀ níbẹ̀. Irin àti imí-ọjọ́ wà nínú àpáta èédú náà. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá dé ibẹ̀, omi á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, á pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Kódà láti inú ihò tí wọ́n ti pa tì, irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ekulu.

Ògiri ló pín ilẹ̀ wa. Omi abẹ́ rẹ̀, àjọni ni. Ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, tiyín àti tẹlòmíì.